Afárá àti Iná ní Ìlà-Oòrùn Mono: Ìtàn Agbára Tí Ń Gba Orí Wa Kọjá

Orúkọ méjì ni ó wà ní agbègbè wa tí ó yẹ kí òpìtàn kọ́kọ́ dúró lé lórí. Èkíní ni Est-Mono, orúkọ tí ìjọba fún agbègbè tí Elavagnon jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Bí a bá fi èdè wa pè é, "Ìlà-Oòrùn Mono" ni a ó wí, nítorí ibi tí oòrùn ti ń là ni Yorùbá fi ń mọ ìhà náà. Odò wà nínú orúkọ yìí, oòrùn sì wà níbẹ̀. Èkejì ni Elavagnon fúnra rẹ̀. Èdè Ewe ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "yóò dára".

Ẹni tí ó bá ti Atakpamé ń bọ̀ wá sí Elavagnon gbọ́dọ̀ la Mono kọjá. Láti ayébáyé ni ìbéèrè méjì ti wà níwájú irú arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀: báwo ni yóò ṣe dé òdìkejì, kí sì ni yóò fi ríran bí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ ọn lọ́nà? Àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń ya ìtàn afárá sọ́tọ̀, wọn a sì ya ìtàn iná mànàmáná sọ́tọ̀. Nínú àròkọ yìí, a fẹ́ tọ méjèèjì pọ̀ títí a ó fi dé ibi tí wọ́n ti pàdé ní ayé òde òní, èyíinì ni afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí ó ru pátákó sólà. Ohun tí ìtàn náà yóò fi hàn wá ni pé agbára kò ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ yìí láti 1914 wá. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni agbára tí ó dúró lọ́dọ̀ ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn.

Kí afárá onírin tó dé

Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwa Ifẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana, sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ti gbéra. Ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ fẹsẹ̀ rìn dé Atakpamé yóò ti la Ọ̀ṣun, Ògùn àti Ouémé kọjá kí ó tó rí Mono. Kò sí afárá onírin kankan lójú ọ̀nà nígbà náà. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn rìn, wọ́n ru ẹrù, wọ́n ná ọjà òdìkejì odò, wọ́n sì fẹ́ ìyàwó níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é yàtọ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi a fà, wọn a sì fi ẹsẹ̀ wọ́dò. Nígbà òjò, bí odò bá kún, ọ̀ràn a di ti ọlọ́kọ̀ tàbí ti onígbá. Àwọn arìnrìn-àjò tí ó gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ròyìn bí wọ́n ṣe ń fi igbá ńlá la odò. Èrò yóò gbá igbá náà mọ́ àyà ní ìhà kan, òmùwẹ̀ yóò di ìhà kejì mú, yóò sì máa tì í lọ títí ẹsẹ̀ èrò yóò fi kan ilẹ̀. Ní ti odò kéékèèké, igi ńlá tí wọ́n gé lulẹ̀ láti bèbè kan dé èkejì ni afárá. Bí ó bá ń yọ̀, wọn a ta okùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ìdìmú.

Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí ìwọ̀n afárá wọ̀nyí. Ẹnì kan tí ó ru ẹrù lórí ni wọ́n gbà lẹ́ẹ̀kan. Afárá ẹlẹ́sẹ̀, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní passerelle, kì í ṣe àlejò láàárín wa. Òun ni ẹ̀gbọ́n, afárá ọkọ̀ ni àbúrò rẹ̀. Bákan náà, ẹni tí ń gba orí rẹ̀ kọjá ni ó ń tún un ṣe. Bí igi bá jẹrà, àwọn ọ̀dọ́ tí oko wọn wà ní òdìkejì ni yóò gbé àáké, iṣẹ́ ìlú ni wọn yóò sì fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, ògùṣọ̀ àti fìtílà elépo ni ó wà, lẹ́yìn náà ni àtùpà epo òyìnbó dé. Ìmọ́lẹ̀ wọn kò ju ìgbésẹ̀ mélòó kan lọ. Ẹni tí ó bá lọ sí ọjà òdìkejì odò gbọ́dọ̀ tètè padà kí ilẹ̀ tó ṣú, àyàfi bí òṣùpá bá wà lójú ọ̀run. Ènìyàn ni ó kọ́ afárá, ṣùgbọ́n oòrùn ni ó ń ṣí i láàárọ̀, òun náà ni ó sì ń tì í lálẹ́.

Afárá fún òwú, iná fún Berlin

Ní 1884 ni àwọn Jámánì ta àsíá wọn sí etíkun Togo. Nígbà tí wọ́n wọ inú ilẹ̀, irè oko tí ọkọ̀ ojú omi lè kó lọ sí Yúróòpù ni wọ́n ń wá, pàápàá òwú. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Lomé, gba Notsé, lọ dé Agbonou lẹ́bàá Atakpamé. Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní 1908, ọkọ̀ sì dé Agbonou ní 1911. Agbára àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a sì fi ipá mú. Afárá ọkọ̀ ojú irin la Haho àti Chra kọjá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, a rí afárá tí ìkún omi kì í tètè gbé lọ. Ṣùgbọ́n ẹrù ni àwọn tí ó kọ́ ọ ní lọ́kàn, ẹlẹ́sẹ̀ kò sí nínú ìṣirò wọn.

Ọ̀nà yìí kan náà ni wọ́n fi kó irin àti ẹ̀rọ wá sí Kamina, tí kò jìnnà sí Atakpamé. Láti 1911 ni ilé-iṣẹ́ Telefunken ti ń kọ́ ibùdó wáyálẹ́ẹ̀sì síbẹ̀ lábẹ́ àbójútó onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí a ń pè ní Anton Codelli, ará Ljubljana. Òpó irin mẹ́sàn-án ni wọ́n gbé nàró. Àwọn tí ó ga jù nínú wọn ga tó mítà 120. Wọ́n kọ́ ilé ẹ̀rọ tí ooru omi híhó ń yí, kí ó lè máa pèsè iná mànàmáná tí yóò gbé ọ̀rọ̀ láti Kamina lọ sí Nauen lẹ́bàá Berlin, ọ̀nà tí ó ju kìlómítà 5,000 lọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ni ọ̀pọ̀ wáyà abẹ́ òkun ayé nígbà náà. Àwọn Jámánì fẹ́ ọ̀nà tí wọn yóò fi máa bá ọkọ̀ ojú omi wọn àti àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso sọ̀rọ̀ láìgba ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù Òkúdù 1914 ni ibùdó náà parí. Oṣù Ògún ọdún náà ni ogun ńlá bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì wọlé láti Gold Coast, àwọn Faransé láti Dahomey. Bí àwọn Jámánì ṣe ń padà sẹ́yìn lójú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ń fọ́ àwọn afárá tí ó wà lójú ọ̀nà náà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Ògún, ìjà le ní Chra, afárá ibẹ̀ sì ti wó lulẹ̀. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, àwọn Jámánì fi ọwọ́ ara wọn ba Kamina jẹ́ kí ó má bàa bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tá. Ní ọjọ́ 26 wọ́n túúbá. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta, kò lò tó oṣù mẹ́ta.

Àwọn òpìtàn ogun ti kọ púpọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ohun méjì ni ó kan àwa nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, agbára iná ńlá ti wà ní ẹ̀gbẹ́ Atakpamé kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìlú ni wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń fò láti Kamina dé Berlin nígbà tí fìtílà ṣì wà nínú ilé àwọn tí ó ru irin rẹ̀. Èkejì, ọwọ́ tí ó kọ́ afárá náà ni ó wó o. Ohun tí kì í ṣe tìrẹ, bí ó tilẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ, ẹni tí ó ni ín lè mú un kúrò láìbi ọ́.

Wáyà tí ó gba orí abúlé kọjá

Lẹ́yìn ogun, Atakpamé bọ́ sí abẹ́ àwọn Faransé. Iṣẹ́ àfipáṣe ń bá a lọ, ọkọ̀ ojú irin sì dé Blitta ní 1934. Togo gba òmìnira ní ọjọ́ 27 oṣù Igbe 1960. Ní 1968, Togo àti Dahomey, tí a ń pè ní Benin lónìí, dá Communauté électrique du Bénin sílẹ̀ láti jọ máa wá iná fún orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, iná bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti dáámù Akosombo ní Ghana. Nígbà tí ọ̀dá dá ní 1983 sí 1984, tí omi Akosombo fà, àìtó iná jẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láti gbẹ́kẹ̀ lé odò ẹlòmíràn.

Báyìí ni ojú ṣe padà sí Mono. Wọ́n kọ́ dáámù Nangbéto sí gúúsù ìlà-oòrùn Atakpamé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987. Agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 65. Nígbà tí adágún rẹ̀ bá kún, ó tó kìlómítà 180 níbùú lóòró. Omi bo ilé àti oko, àwọn ènìyàn tí ó ju 10,000 lọ sì ní láti kó kúrò. Omi tí ó ń yí ẹ̀rọ ibẹ̀, ẹ̀gbẹ́ wa ni ó ń gbà kọjá kí ó tó dé ọ̀hún.

Kí ni ìdí tí iná kì í fi wọ abúlé tí ó wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é? Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìdáhùn rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìkà ni. Iná tí ó jáde láti Nangbéto wọ wáyà ńlá tí agbára rẹ̀ tó volt 161,000, kí ó má bàa ṣòfò dànù lójú ọ̀nà jíjìn. Ilé kan kò lè lò ju volt 220 lọ. Láti mú èkíní di èkejì, a nílò ẹ̀rọ olówó ńlá tí ń rẹ agbára iná sílẹ̀, ibi tí oníbàárà bá pọ̀ sí ni wọ́n sì máa ń gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí. Nítorí náà wáyà a máa na orí abúlé kọjá bí ẹyẹ tí ń lọ sí ibi tí ó ń lọ. Kò kórìíra ẹnikẹ́ni. Bí a ṣe gbé e kalẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó lè bà sọ́dọ̀ wa.

Oòrùn wọ inú ìtàn

Agbára kan wà tí kò nílò wáyà ọ̀nà jíjìn. Ní 1839, ọ̀dọ́mọkùnrin Faransé kan, Edmond Becquerel, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 19, ṣàkíyèsí pé ìmọ́lẹ̀ lè bí iná mànàmáná nínú ohun èlò ìwádìí rẹ̀. Ó di 1954 kí àwọn onímọ̀ Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà tó fi sílíkọ̀nì ṣe pátákó tí ó wúlò. Nínú gbogbo agbára oòrùn tí ó bọ́ lé e lórí, ìdá 6 nínú 100 ni ó ń sọ di iná. Àwọn tí ń bẹ lọ́jà lónìí ń sọ nǹkan bí ìdá 20 di iná.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé lónìí ni ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa èyí. Abdou Moumouni, ọmọ Niger, onímọ̀ físíìsì tí Yunifásítì Niamey ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ti ń kọ̀wé nípa agbára oòrùn fún ilẹ̀ Áfíríkà láti àwọn ọdún 1960. Òun ni ó darí ilé-iṣẹ́ ìwádìí oòrùn tí a ń pè ní ONERSOL ní Niamey. Ní Niger yìí kan náà, ní 1968, wọ́n ti fi pátákó oòrùn tan tẹlifíṣọ̀n ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi oòrùn ṣe níbẹ̀.

Ní Togo, ètò CIZO bẹ̀rẹ̀ ní 2017. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Guin ni, ó túmọ̀ sí kí á tan iná. Ìdílé yóò gba pátákó kékeré, bátìrì àti gílóòbù, yóò sì máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí fóònù. Ìdílé 300,000 ni wọ́n fi ṣe àfojúsùn. Ní oṣù Òkúdù 2021, wọ́n ṣí ibùdó oòrùn ńlá ní Blitta, ní àríwá Atakpamé. Pátákó tí ó ju 127,000 lọ ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, agbára rẹ̀ nígbà náà sì jẹ́ mẹ́gáwáàtì 50.

Ẹ wo ohun méjì tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin yìí. Ọ̀kan ti Blitta wọ wáyà ńlá bíi ti Nangbéto. Èkejì wọ inú ilé, ó sì dúró síbẹ̀. Oòrùn kan náà ni. Ọ̀nà tí a gbà pín in ni ó yàtọ̀.

Ibi tí afárá àti oòrùn ti pàdé

Láàárín ilé àti ibùdó ńlá, ibì kan ṣẹ́kù tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn: ojú ọ̀nà. Afárá sì ni ibi tí ọ̀nà ti léwu jù lóru. Àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan ti gbìyànjú láti fi oòrùn àti ọ̀nà ṣe ọ̀kan. Àpẹẹrẹ mẹ́ta yóò tó wa.

Ní Brisbane ní Australia, wọ́n ṣí afárá Kurilpa ní oṣù Ọ̀wàrà 2009. Ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ nìkan ni ó wà fún. Ó gùn tó mítà 470. Pátákó sólà 84 ni wọ́n fi sí i, gílóòbù LED sì ni wọ́n fi tàn án. Pátákó náà ń pèsè gbogbo iná tí afárá nílò tàbí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tí ó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ń tì sí inú wáyà ìlú.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, afárá ọkọ̀ ojú irin Blackfriars, tí wọ́n kọ́ ní 1886, ti di arúgbó kí wọ́n tó gbé ibùdókọ̀ tuntun lé e lórí. Òrùlé ibùdókọ̀ yìí ni wọ́n fi pátákó 4,400 ṣe. Iṣẹ́ náà parí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2014, ó sì ń pèsè nǹkan bí ìdajì iná tí ibùdókọ̀ náà ń lò. A rí i pé kò pọn dandan kí afárá jẹ́ tuntun kí ó tó lè ru oòrùn.

Àpẹẹrẹ kẹta, ti ilẹ̀ Faransé, jẹ́ ìkìlọ̀. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2016, ní Tourouvre-au-Perche ní Normandy, wọ́n tẹ́ pátákó sólà sí ojú títì fún kìlómítà kan, kí ọkọ̀ máa gba orí rẹ̀ kọjá. Mílíọ̀nù 5 yúrò ni wọ́n ná sí i. Láàárín ọdún mẹ́ta, ojú pátákó ti ń bó, ewé àti ìdọ̀tí bò ó, iná tí ó ń wá sì kéré sí ohun tí wọ́n ti retí. Ohun tí ń gba oòrùn kò gbọdọ̀ gba ẹsẹ̀. Orí ni ibi tirẹ̀, níbi tí yóò ti gba oòrùn fún ara rẹ̀, tí yóò sì di ìbòòji fún ẹni tí ń kọjá.

Ìṣirò fún ilẹ̀ tiwa

Ẹnì kan lè sọ pé Brisbane àti Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe ẹgbẹ́ wa. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò náà fúnra wa, gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè ṣe é nínú kíláàsì.

Ẹ jẹ́ kí á rò pé a fẹ́ kọ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí ó gùn tó mítà 40. Ó lè jẹ́ lórí ọ̀nà N1 tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà láti èbúté Lomé lọ sí Burkina Faso, tàbí lórí odò tí ó pààlà sí àárín ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé. Gílóòbù LED 10, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 20, yóò tàn án dáadáa. Àpapọ̀ wọn jẹ́ wáàtì 200. Bí wọ́n bá tàn fún wákàtí 12 láti àṣálẹ́ dé òwúrọ̀, wọn yóò jẹ 2,400, èyíinì ni kílówáàtì-wákàtí 2.4 lóru kan. Ní ilẹ̀ wa, a lè ka oòrùn tí ó mú ṣáṣá sí wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ lójúmọ́. Bí a bá yọ ìdá 30 nínú 100 kúrò fún eruku, ooru àti ohun tí ń ṣòfò nínú bátìrì, pátákó méjì tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 400 yóò ṣe iṣẹ́ náà. Kí á fi ẹ̀kẹta kún un nítorí oṣù tí ìkùukùu pọ̀. Bátìrì tí ó lè gba kílówáàtì-wákàtí 5 yóò sì tó fún òru méjì bí oòrùn kò bá yọ.

Pátákó mẹ́ta. Blitta ní ju 127,000 lọ.

Bí a ṣe máa gbé wọn sí orí afárá náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Elavagnon kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, nítorí náà oòrùn a máa wà lókè orí fún ìgbà púpọ̀ lọ́dún. Pátákó yẹ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀, kí ó tẹ̀ díẹ̀ sí ìhà gúúsù, kí òjò lè fọ̀ ọ́. Kò yẹ kí ó dùbúlẹ̀ pátápátá, nítorí omi yóò dúró lórí rẹ̀, ìdọ̀tí yóò sì bá a dúró. Nígbà ọyẹ́ kò sí òjò, eruku a sì bo ohun gbogbo. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa gun orí rẹ̀ lọ nù ún. Bí a bá fi pátákó ṣe òrùlé láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pé a kàn so ó mọ́ òpó lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí, ìdí rẹ̀ yóò le, ọwọ́ olè kò ní tètè tó o, ìyá tí ó ru ẹrù yóò rí ìbòòji lọ́sàn-án, yóò sì rí ọ̀nà lálẹ́.

Ọ̀ràn òru yìí kì í ṣe kékeré. Ní Èkó, afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà lórí àwọn ọ̀nà ńlá bíi Ikorodu Road, ní Ojota àti ní Ketu. Síbẹ̀ àwọn kan a máa sá kọjá láàárín ọkọ̀, ìjọba a sì máa mú wọn. Ìkánjú wà níbẹ̀, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tí ó ti pẹ́ dé láti ibi iṣẹ́ ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, yóò sọ fún yín pé ẹ̀rù afárá tí ó ṣókùnkùn ń ba òun ju ẹ̀rù ọkọ̀ lọ. Ọkọ̀ ní iná níwájú, ẹni tí ó ba ní orí afárá kò ní. Afárá tí kò ní ìmọ́lẹ̀, ìdajì ọjọ́ ni ó fi jẹ́ afárá. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá sì wà, àwọn ènìyàn kì í fi rìn nìkan. Ní Conakry, nígbà tí iná ṣọ̀wọ́n nínú ilé, ayé rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ kàwé lábẹ́ iná pápá ọkọ̀ òfurufú nígbà ìdánwò.

Ta ni yóò nu pátákó?

Òtítọ́ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Gbogbo wa ni a ti rí òpó iná sólà lẹ́bàá títì tí ó tàn fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, tí ó sì kú. Oòrùn kọ́ ni ó kú. Bátìrì ni ó gbó, tí kò sì sí ẹni tí a yàn láti pààrọ̀ rẹ̀. Pátákó lè lo ọdún 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé afárá kalẹ̀ láìya owó bátìrì kejì sọ́tọ̀, òkùnkùn ni ó kọ́, ó kàn sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú ni.

Níbí ni ìtàn ti wúlò fún wa. Afárá igi àwọn baba wa kò lágbára tó afárá Chra, iná wọn kò sì tó ti Kamina. Ṣùgbọ́n bí igi bá jẹrà, wọ́n mọ ilé ẹni tí yóò gbé àáké. Kamina kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàárín wa, Nangbéto pẹ̀lú kò ní in, nítorí títóbi wọn kọjá ọwọ́ ìlú. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ oní-pátákó mẹ́ta kò kọjá ọwọ́ ìlú. Ọ̀dọ́ tí ó ti kọ́ iṣẹ́ iná lè tọ́jú rẹ̀. Àwọn ọlọ́jà tí ń gba orí rẹ̀ lè dá owó bátìrì rẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dá èsúsú. Ilé-ẹ̀kọ́ lè fi nínù rẹ̀ nígbà ọyẹ́ ṣe iṣẹ́ kíláàsì. Ìjọba àti àwọn olùrànlọ́wọ́ lè kọ́ ọ, ó tilẹ̀ yẹ kí wọ́n kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí irin kan tó wọlẹ̀, kí á ti kọ orúkọ ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ sínú ìwé.

Nítorí náà, nígbàkígbà tí a bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ la ọ̀nà tàbí kọ́ afárá ní agbègbè wa, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa gbé lọ síwájú àwọn tí ó ń yàwòrán rẹ̀. Níbo ni ẹlẹ́sẹ̀ yóò gbà? Kí ni yóò fi ríran lálẹ́? Ọ̀dọ̀ ta ni kọ́kọ́rọ́ àpótí bátìrì yóò wà? Ẹnikẹ́ni kò bi àwọn baba wa ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní 1908, ní 1911 tàbí ní 1984. Ìdí tí wáyà fi gba orí wa kọjá nìyẹn.

Elavagnon túmọ̀ sí "yóò dára". Àwọn tí ó sọ ìlú ní irú orúkọ yìí ti mọ̀ pé ohun tí ó wà níwájú àwọn kò tíì dára tó, wọ́n sì fi ọ̀la ṣe ìrètí. Odò Mono ṣì ń ṣàn ní ìwọ̀-oòrùn wa. Oòrùn ṣì ń là ní ìhà tiwa. Iṣẹ́ tí ó kù jẹ́ ti ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn láàárín méjèèjì.